Oògùn Lórí Ẹní Ìṣínu

Bí Mọ́gàjí Àkíbù bá ti sọ̀rọ̀ lágbo ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àtọ́kẹ́, ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó ti dolóògbé, kò já a ní koro rí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí àwọn àna ń bọ̀ wá bá wọn ṣínu, ó já a.

"Ìyá Mujeebat," ni Mọ́gàjí wí, "oògùn tí o máa ń gbé sórí ẹní yẹn, má jẹ́ kí n rí i lónìí. Àwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ ń wádìí ìdílé lọ́wọ́. Ṣé kí wọ́n ní àrùn ń bẹ nílé wa ni?"

"Oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló ń dùn ọ́?"

"Kò sí."

"Ẹni tí nǹkan kan kò dùn, tó ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́, àìsàn ló ń fọwọ́ pè."

Àtọ́kẹ́ wo ọ̀ọ́kán, níbi tí Sìdí, ìyálé rẹ̀, jókòó sí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń rán fìlà tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà'ba kí ọwọ́ ọ̀tún Sìdí tó kú. Orogún ni wọ́n, wọ́n sì ti bú ara wọn ju bó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tọ́ bíi ti Sìdí. Òun náà lo oògùn ọ̀rá yìí rí. Tó bá ti mu ẹ̀kọ àárọ̀ tán ló máa ń lò ó. Ààwẹ̀ èṣín dé, ẹ̀kọ àárọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, oògùn bá a lọ. Ìtúnu ààwẹ̀ dá ẹ̀kọ padà, kò dá oògùn padà. Ara Sìdí sáà le koko, ta ni yóò máa wá oògùn kiri? Nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, apá rẹ̀ rọ níbi tó ti ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò sí ohun tó ń dun òun náà tẹ́lẹ̀.

Jemima, oníkẹ́mísì kan ní Bẹẹrẹ, ló la Àtọ́kẹ́ lójú. "Mà, ọ̀rá yìí kì í dunni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí àpẹẹrẹ rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ so oògùn yín mọ́ nǹkan tẹ́ ò lè gbàgbé. Irú tiyín yìí, ìrọ̀lẹ́ gbà á." Kí ni alááwẹ̀ kò lè gbàgbé bí kò ṣe dàbínù? Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ abọ́ dàbínù ni páálí oògùn ń wà.

"Bàbá, mo gbọ́," ni Àtọ́kẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n màá lò ó."

"Lò ó ní yàrá rẹ."

"Yàrá ni Ìyálé mi tọ́jú tiwọn sí tí wọ́n fi gbàgbé. Orí ẹní ni màá ti lò ó. Ẹni tí kò bá ní fẹ́ ọmọ mi torí pé mi ò fẹ́ rọ lápá, kó máa lọ."

Ẹ̀rù bà á bó ti sọ ọ́ tán. Mujeebat, ọmọ rẹ̀, fẹ́ràn ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ dọ́kàn. Ṣùgbọ́n Àtọ́kẹ́ kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, àwọn àna dé láti Oníyanrìn, Èjìdé, ìyá ọkọ ìyàwó, sì jókòó kọjú sí Àtọ́kẹ́. Wọ́n pe ìrun, wọ́n jẹ dàbínù. Àtọ́kẹ́ ṣí páálí rẹ̀ lójú gbogbo wọn.

"Kí lẹ fẹ́ lò yẹn, àna mi?" ni Èjìdé béèrè.

"Orí ló ń fọ́ ọ," ni Mọ́gàjí tètè dáhùn.

"Orí ò fọ́ mi. Oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó, mi ò sì ní ṣíwọ́." Ó gbé e mì.

Èjìdé tọwọ́ bọ báàgì, ó yọ páálí kan tó ti rún jáde.

"Láti ọjọ́ tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbé tèmi kiri," ló wí. "Dókítà ní àárọ̀ o, alẹ́ o, ọ̀kan náà ni. Ibi tí mo bá ti lọ ṣínu, ojú ń tì mí láti yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi."

Ẹ̀gbẹ́ Sìdí ni omi wà. Ó bu ú, ó fi ọwọ́ òsì nà án sí àna. Mọ́gàjí dijú. Àtọ́kẹ́ lè gbà á kí ó fi ọ̀tún gbé e fún un, ṣùgbọ́n kò gbà á. Èjìdé fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, ó sì lo oògùn rẹ̀.

"Ẹ lò ó lọ́la náà," ni Sìdí wí. "Ọwọ́ tó yẹ kí n fi fún yín lómi ló wà lórí itan mi yìí."