Ìwẹ̀ Bàbá Àyìndé

Wọ́n tún ránṣẹ́ pe Fáòsíà láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí bàbá rẹ̀ ń gbé. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Okaishie, ó wọkọ̀ lọ síbẹ̀.

"Bàbá yín tún gbá ọmọ iṣẹ́ wa kan létí," ni Zuweira, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, wí. "Tó bá ti di pé ká wẹ̀ fún wọn, ìjà ni. Bí èyí bá ń bá a lọ, ẹ máa mú wọn lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ náà ya Fáòsíà lẹ́nu. Gbogbo ọdún tí bàbá rẹ̀, Bàbá Àyìndé, fi ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Abossey Okai, kò na ẹnikẹ́ni rí.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó fúnra mi," ló wí.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ọmọbìnrin méjì bọ́ bàbá náà síhòòhò, wọ́n gbé e jókòó, wọ́n ń sọ Twi, èdè ìlú náà, síra wọn bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀kan ti fa apá ọ̀tún rẹ̀ sókè láti fọ abíyá, bàbá kígbe, ó sì fọwọ́ òsì gbá a. Ìgbà náà ló rí Fáòsíà. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

"Fáòsíà, yíjú sẹ́yìn."

Ó kẹ̀yìn sí wọn. "Bàbá, kí ló ṣe apá yín?"

"Láti ọjọ́ tí mo ṣubú nílé rẹ ni. Mo ń sọ fún wọn, wọn ò gbọ́ Yorùbá. Twi ò sì wá sí mi lẹ́nu mọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo lo jókòó tì mí?"

Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù. Eegun èjìká rẹ̀ ti sán. Zuweira bẹ Fáòsíà, ó ní àwọn rò pé ogbó ló ń dà á láàmú ni. Ó wá ní kí Sàká, òṣìṣẹ́ ọkùnrin kan láti àdúgbò Sabon Zongo tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, máa wẹ̀ fún un, kó sì máa ró aṣọ mọ́ ọn nídìí. Bàbá ò gbá ẹnikẹ́ni mọ́, àmọ́ tí ata bá pọ̀ lọ́bẹ̀, á bú alásè dáadáa.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Fáòsíà pa fóònù rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Ọjọ́ wo là ń lọ sílé?" ni bàbá bi í.

"Mi ò lè dá yín tọ́jú nílé, Bàbá."

Bàbá kọjú sí ògiri. Fáòsíà ò dìde. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi gbé oúnjẹ alẹ́ wá.