Àkísà Mẹ́ta Lára Okùn Kànga

Ìyá Sìdí mọ bí ìpàdé ẹbí ṣe máa ń rí. Wọ́n á jókòó, wọ́n á jà, wọ́n á jẹun, kálukú á sì gba ilé ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n wá pè é sí ní gbọ̀ngàn kan lókè Màpó lọ́jọ́ Sátidé yìí ló rú u lójú. Sẹ́mínà ni wọ́n pè é fún un. Ó we gèlè tuntun, ó wọ bàtà tó ń dùn ún lẹ́sẹ̀, àfi ìgbà tó wọlé tó bá àwọn àgbàlagbà tí wọ́n yí tábìlì ká bí ọmọdé, tí wọ́n ń dúró kí wọ́n pín káàdì fún wọn.

Àwọn àjọ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi àti àyíká ló kó eré náà wá. Wọ́n ní eré làwọn fi ń kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n, pé ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ létí lè gbàgbé, ẹni tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é kò ní í gbàgbé. Ògoolúwa, ọmọkùnrin gbọọrọ kan tó fi bírò há etí, ló ṣáájú wọn. Ó ti fi páálí ṣe kànga sórí tábìlì, ó da ọgọ́ta ọmọ ayò sínú ẹ̀, ó ní ọmọ ayò ni omi. Ìyá Sìdí wo kànga páálí, ó wo Ògoolúwa, ó tún wo kànga páálí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, kò sì sẹ́ni tó ní kó wá pọnmi nínú páálí rí.

Ọ̀rọ̀ kànga agboolé wọn ní Bẹyẹrúnkà ló gbé wọn débẹ̀, àwọn mẹ́jọ. Kànga náà ní ìdérí irin, ó ní àgádágodo, ọwọ́ Ìyá Sìdí sì ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà láti ọdún mọ́kànlá. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, òun ló ń sọ pé omi tó tì, òun náà ló ń sọ pé ó tó ṣí. Kànga gbogbo àdúgbò á gbẹ, tiwọn ò gbẹ rí. Ṣùgbọ́n ta ló máa rántí ìyẹn nígbà tí ọmọ fẹ́ wẹ̀ lọ síléèwé, tí àgádágodo ń wò ó? Lọ́dún yìí gan-an ni gbogbo ẹ̀ wá le, nítorí òjò ti dá kó tó yẹ kó dá, wọ́n sì ti ti kànga lẹ́ẹ̀mẹta kí oṣù kejì tó parí.

Abdulmumin, ọmọ àbúrò ọkọ Ìyá Sìdí, tó jẹ́ olórí agboolé báyìí, sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé ó ti sú òun. Ó ní tí Ìyá Sìdí bá mọ ohun kan nípa kànga yẹn, kó kọ́ gbogbo ilé. Tí kò bá sì mọ nǹkan kan, kó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Òun ló lọ gba fọ́ọ̀mù sẹ́mínà wá, kí wọ́n lè yanjú ẹ̀ lójú àlejò. Kọ́kọ́rọ́ náà rèé lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga páálí. Ògoolúwa ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀ kí eré lè dùn.

Ìyá Sìdí ò rí adùn kankan níbẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ti kú, Sìdí ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Kánò, ọdún dé ọdún ló ń wálé. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ń mú kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn ẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n kí i, kí wọ́n bi í bó ṣe sùn. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ta ló tún máa kan ilẹ̀kùn? Ẹ̀rù ń bà á gidi, ẹ̀rù náà sì nídìí.

Ká má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, Ìyá Sìdí ò mọ nǹkan kan. Ìyáálé ẹ̀, Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ló ni ọgbọ́n kànga. Ọ̀ṣúnkẹ́mi á ju òkúta kékeré kan sínú kànga, á dẹ etí, á ní, "Ó ku ọjọ́ mẹ́ta," ọjọ́ mẹ́ta náà ló sì máa ń jẹ́. Nígbà tí obìnrin náà kú, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé Ìyá Sìdí lọ́wọ́ bí ìyàwó tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ọjọ́ náà lòun náà ti ń ju òkúta. Á jù ú, á dẹ etí, á mi orí, gbogbo ilé á dákẹ́ láti gbọ́ ohun tó máa sọ. Kò gbọ́ ju kí òkúta já sómi lọ. Ó kàn máa ń ti kànga nígbà tí ara ẹ̀ bá sọ fún un pé kó tì í, á wá wọlé lọ bẹ Ọlọ́run kó má dójú ti òun.

Wọ́n pín káàdì. Ìyá Sìdí ò mọ̀wé, ó na tiẹ̀ sí Ìtùnú, ìyàwó ilé tó kéré jù, ọmọ Òkè Àdó tí wọ́n gbé wọlé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìtùnú wo káàdì, kò fẹ́ kà á. Ògoolúwa fúnra ẹ̀ ló gbà á, ó kà á síta tayọ̀tayọ̀: "Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti lọ." Ó ní káàdì tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn. Ẹni tó bá mú un á kúrò nídìí tábìlì, kò ní í sọ̀rọ̀ mọ́, káwọn tó kù wò ó bóyá wọ́n lè ṣe é láìsí i.

Ẹnìkan bi í pé lọ síbo. Abdulmumin, Abdulmumin kan náà tó ń wá bó ṣe máa gba kọ́kọ́rọ́, ló kọ́kọ́ dìde, ó ní Ìyá ò ní í lọ síbì kankan, kí Ògoolúwa tètè mú ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lẹ́nu. Ọmọ àjọ náà ò mọ ohun tó ṣe. Ó ṣàlàyé pé páálí lásán ni, wọ́n ní kó ṣe àmín sí àdúrà kó tó ṣàlàyé. Ó ṣe àmín. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Nígbà tó yá, ẹnìkan dá a lábàá pé kí wọ́n sọ pé Mẹ́kà ni Ìyá lọ. Ara gbogbo wọn rọ̀ wọ̀ọ̀. Ẹnìkan ní kó bá òun ra tẹ̀sùbáà bọ̀, òmíràn ní kó ṣàdúrà fún òun ní Áráfà. Bí Ìyá Sìdí, tí kò tíì kọjá Ìlọrin rí, ṣe dèrò Mẹ́kà lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́bàá fèrèsé nìyẹn.

Ó jókòó, ó ń wo òrùlé dídípẹtà tó tẹ́ lọ títí dé Ọjà'ba, ó sì ń gbọ́ eré lẹ́yìn. Ojúlé kọ̀ọ̀kan á mú ọmọ ayò tó bá fẹ́, Ògoolúwa á ju dáìsì lúdò, iye tó bá jáde ni omi tó sun mọ́jú. Nígbà tí wọ́n ta á lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ ayò mẹ́rin ló kù nínú kànga. Abdulmumin, tó ti ń wí láti àárọ̀ pé omi kì í ṣe ohun à ń tì, di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n mú lọ́wọ́ òun nìkan, kò sì lè sọ bó ṣe débẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í rẹ́rìn-ín.

Ògoolúwa wá kó káàdì òfìfo jáde. Ó ní ìmọ̀ tó wà lórí èèyàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá, kí wọ́n sọ ohun tí arìnrìn-àjò mọ̀, òun á máa kọ ọ́. Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òkúta. Wọ́n ní Ìyá máa ń ju òkúta. Wọ́n ní ó máa ń gbọ́ bí omi ṣe ń dáhùn. Abdulmumin ní òun mọ̀ pé ohùn ẹ̀ máa ń yàtọ̀ tí omi bá kéré, òun náà ti gbọ́ ọ rí. Òógùn bo Ìyá Sìdí lábẹ́ gèlè. Òun tó ń ju òkúta ò gbọ́ nǹkan kan, ẹni tó ń wò ó ló gbọ́ ọ? Lọ́la wọ́n á ní kóun wá kọ́ wọn, gbogbo ilé á na etí sí ẹnu kànga, kí lòun máa ní kí wọ́n gbọ́?

Ìtùnú ni kò tíì sọ̀rọ̀. Ó gbé ojú sílẹ̀ kó tó lanu.

"Ẹ má bínú o. Mi ò rò pé òkúta ni. Okùn ni."

Ó ní okùn tí wọ́n fi ń fa omi ní àkísà mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ ọn: funfun sún mọ́ korobá, pupa wà láàárín, aláró, èyí tí wọ́n rẹ sínú aró, wà lókè. Òun ló máa ń fa omi àkọ́kọ́ tí Ìyá bá ti ṣí kànga, òun sì ń wò ó. Tí korobá bá kan omi nígbà tí funfun wà létí kànga, omi pọ̀. Tó bá jẹ́ pupa ló dé etí kànga kí korobá tó kan omi, kò ní í tó ọjọ́ mẹ́ta tí Ìyá á fi tì í. Ó ní òun ti ń fi bírò sàmì sára kàlẹ́ńdà láti ọdún mẹ́ta, kò yẹ̀ rí.

Ìyá Sìdí gbàgbé pé òun wà ní Mẹ́kà, ó yí ọrùn sẹ́yìn. Àwọn àkísà yẹn kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹrin lokùn ti gbó lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló na tuntun ti ògbólógbòó, tó sì so àkísà kọ̀ọ̀kan síbi tó bá a. Tí èyí tó pupa bá ya, á lọ wá pupa mìíràn. Kò mọ̀dí. Ọmọ Àfáà lòun, ilé ọlọ́ṣun ni ìyáálé òun ti wá, ó rò pé ẹ̀jẹ́ kan ni, irú nǹkan tí èèyàn kì í bi èèyàn. Ó kàn ń so ó ni, nítorí pé ibẹ̀ ló bá a. Ṣé ojú ẹ̀ wá ń rí pupa, tí kò sọ fún un? Àbí ọwọ́ ẹ̀ ló mọ̀? Ó wo ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì lórí itan, kò mọ èwo ni kó gbà gbọ́.

Ìtùnú ò tíì parí. Ó ní aláró ni kò yé òun, nítorí kò dé etí kànga rí látìgbà tí òun ti wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, Ìyá ti ti kànga, omi ṣì ń lọ sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí tí Ìyá ṣí i, ìwọ̀n ìka mẹ́rin ló kù kó débẹ̀.

Ògoolúwa bá kọjú sí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ láti Mẹ́kà, Ìyá. Èwo ni ká kọ sílẹ̀, òkúta ni àbí okùn? Kí sì ni ti aláró?"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó lè sọ pé méjèèjì ni, kò sẹ́ni tó máa jà á níyàn. Ó lè wá nǹkan kan sọ nípa aláró pẹ̀lú, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì kọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ á padà sínú àpò ẹ̀, ilé á sì máa kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n tí aláró bá dé etí kànga ńkọ́? Ohun tó pa mọ́ra láti ọdún mọ́kànlá dìde sí i láyà. Ọmọorógùn tó yá tó sì là lọ́wọ́ ẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ìyáálé ẹ̀, ọdún méjì ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀ nítorí ọmọorógùn. Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, Ọ̀ṣúnkẹ́mi dúró létí kànga pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ó pè é. Ó ní, "Wá, mo fẹ́ fi nǹkan hàn ẹ́ nídìí kànga." Ó dáhùn pé òun ń bọ̀. Ó ṣa ẹ̀wà tán, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó fi máa di Sátidé, wọ́n ti sin Ọ̀ṣúnkẹ́mi.

Ìyá Sìdí dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó wá sídìí tábìlì.

"Òkúta yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀ rí, Abdulmumin. Bí mo ṣe bá àkísà yẹn ni mo ṣe ń so ó. Òótọ́ lọ́mọ yìí sọ, èmi ni mi ò mọ̀."

Ó dúró kí Abdulmumin mú kọ́kọ́rọ́. Abdulmumin ò mú un. Ó da ọmọ ayò ọwọ́ ẹ̀ padà sínú kànga páálí, gbogbo ẹ̀, ó wá bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé tí aláró bá dé etí kànga, kí làwọn máa ṣe.

Ìyá Sìdí ní kí wọ́n fún òun ní káàdì òun àkọ́kọ́. Ìtùnú wá a kàn, ó fún un. Ògoolúwa ti ya okùn náà sára ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì, àkísà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Ìyá Sìdí gbé káàdì lé aláró.

"Ìyáálé mi ló ni káàdì yìí. Ó pè mí kó fi hàn mí, mi ò dìde."

Ògoolúwa yọ bírò létí, ó tún fi í há etí. Kò sí àyè fún irú ìyẹn nínú ìwé tó mú wá. Abdulmumin fi ìka kan ti kọ́kọ́rọ́ títí tó fi dé àárín Ìyá Sìdí àti Ìtùnú, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn, kò yé ẹnì kankan èwo nínú wọn ló yẹ kó mú un.

"Ìtùnú," ni Ìyá Sìdí wí, "wá, jẹ́ ká lọ sílé. Mo fẹ́ fi nǹkan hàn ẹ́ nídìí kànga."

Kò tíì mọ ohun tóun fẹ́ fi hàn án gan-an. Bóyá bí wọ́n ṣe ń so àkísà ni. Ìtùnú ò sọ pé òun ń bọ̀. Ó ti mú kọ́kọ́rọ́, ó ti dìde.