Katakata Tó Máa Wọ Àkùrọ̀ Bàbá Mi

Ẹ wò ó, èmi kì í bá ọkọ mi jà níta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ katakata yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di oníjà. Ọkọ mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé oní-táyà-méjì làwọn máa rà, àti pé bí kò bá lè wọ àkùrọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ká yáa gbé àkùrọ̀ náà fún ẹlòmíì. Àkùrọ̀ tí mo ti ń fi ọkọ́ ro láti ogún ọdún sẹ́yìn! Mo ní, "Ẹ kúkú gbé èmi náà fún ẹlòmíì."

Nígbà tí ọ̀gá tó ń ta katakata kó méjì wá sóko ká lè dán wọn wò, mo rìn yí wọn ká. Mo ka táyà ti àkọ́kọ́, mẹ́rin. Mo ka ti ìkejì, mẹ́rin. Mo ní, "Èwo ni méjì níbẹ̀? Àbí ẹ rò pé mi ò mọ nǹkan kà ni?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. "Mọ́mì, ti àkọ́kọ́ yìí, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Tiwájú kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ti ìkejì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́."

"Ìyẹn ni pé ọ̀lẹ méjì wà lára ti àkọ́kọ́."

Ọkọ mi fajú ro, wọ́n gun ti àkọ́kọ́. Ká má parọ́, lórí ilẹ̀ gbígbẹ lókè, ó ń túlẹ̀ bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Èmi gan-an pàtẹ́wọ́.

La bá sọ̀ kalẹ̀ sí àkùrọ̀. Kò rìn jìnnà tí táyà ẹ̀yìn fi ń yí lójú kan, tó ń da ẹrẹ̀ sí wa lára. Ọkọ mi ò gbà. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fúyẹ́! Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!" Èmi àti ọ̀gá rọ̀ mọ́ irin ìtúlẹ̀ tó wà lẹ́yìn. Èmi kì í sì í ṣe obìnrin kékeré. Ẹ̀yìn wúwo lóòótọ́, àmọ́ iwájú katakata gbéra nílẹ̀!

"Yéè! Ẹ pa ẹ́ńjìnnì! Ẹ pa á!" Mo bẹ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ mù mí dé orúnkún. Èmi ni ẹ̀rín kọ́kọ́ mú, ó wá ran ọ̀gá.

Ọ̀gá wa oní-mẹ́rin wọ àkùrọ̀, ó túlẹ̀ lọ túlẹ̀ bọ̀, ó tún fa ti àkọ́kọ́ jáde. Ọkọ mi nu ẹrẹ̀ ojú wọn, wọ́n wá bá mi. Wọ́n ní, "Ìyá àwọn ọmọ, má bínú. Mo mọ̀ pé oní-méjì ò ní lè wọ ibí. Ogún ọdún ni mo ti ń wo bó o ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yìí, tó o máa ń délé tí o ò ní lè nàró. Mo ní bí ilẹ̀ yìí bá kúrò lọ́wọ́ rẹ, wàá sinmi."

Gbogbo ìbínú mi rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé o máa gbà ni?"

Mi ò ní gbà, mo mọ̀.

Wọ́n yíjú sí ọ̀gá. "Oní-mẹ́rin la máa mú. Ẹ kọ́ ìyàwó mi ní wíwà rẹ̀."

Ọ̀gá kọ́ mi, mo gun orí ìjókòó. Mo túlẹ̀ láti etí odò dé òkè, mo jókòó gbọnrangandan, ẹ̀yìn mi ò tẹ̀, omijé ń bọ́ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín.