Ìmọ̀ràn Tí Mo Fún Ìyàwó

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Kí n tètè sọ ọ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá àwáwí fún mi. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni. Nínú ìdílé ọkọ wa, èmi ni ìyálé, òun ni ìyàwó. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú ìyá ọkọ wa nílé mi. Mo fọ aṣọ wọn, mo wá oúnjẹ tí eyín wọn lè jẹ, mo gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Ìyàwó dé tán, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí màmá fi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àlejò wá kí wọn níbẹ̀, wọ́n ní, "Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sinmi láyé mi." Ìṣojú mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Èmi ni mo gbé omi fún àlejò ọ̀hún.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, ní ọjọ́ tí sáà kejì bẹ̀rẹ̀, mo wọ yàrá àwọn olùkọ́, mo bá ìyàwó lórí àga tó kọjú sí tèmi, ó ń yẹ ìwé ìṣirò wò. Ìṣirò ni èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó dìde kíá. "Ẹ káàárọ̀ o, ìyálé mi." Gbogbo olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ló gbójú sókè wò wá. Mo dá a lóhùn, mo sì fi ìwé mi bojú.

Ọkọ rẹ̀ ti ń jókòó sílé láti ọdún tó kọjá, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ wọn ti kógbá sílé. Iṣẹ́ olùkọ́ yìí ni gbogbo ilé wọn ń wò, títí kan màmá. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ò tíì gbà á tán. Wọ́n kàn ń dán an wò fún oṣù mẹ́ta ni. Lẹ́yìn náà, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé á wá jókòó sí kíláàsì rẹ̀. Bó bá dáa, ó ríṣẹ́. Bí kò bá dáa, kó máa lọ sílé. Ọ̀gá Báírò ni àwọn ọmọ ń pe igbákejì ọ̀gá yìí, torí báírò kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá sín níwájú rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀.

Òun ló pè mí sí ọ́fíìsì. "Ìyáàfin, ẹ̀yin lẹ mọ kíláàsì í dì mú jù nílé ìwé yìí. Ẹ bá mi tọ́ ìyàwó yín sọ́nà." Ó ní olórí ẹ̀ka ìṣirò ń fẹ̀yìn tì ní òpin sáà, òun ò sì rí ẹlòmíràn tí àga yẹn tọ́ sí ju èmi lọ. Mo ní kò burú, sà.

Kíláàsì kẹta ni wọ́n fún un. Ogójì ọmọ ló wà níbẹ̀, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, sì wà nínú wọn. Àwọn ọmọ yẹn fojú ìyàwó rí màbo. Wọ́n á pa ẹnu dé, wọ́n á máa kùn nínú imú. Bó bá sáré lọ sí ọ̀tún, ariwo á ti bọ́ sí òsì. Bó bá pariwo, wọ́n á dákẹ́ kó lè gbọ́ bí ohùn ara rẹ̀ ṣe ń já. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó wá bá mi, ohùn rẹ̀ ti há pátápátá.

Mo sọ òótọ́ fún un nígbà yẹn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi ju bí mo ṣe kórìíra rẹ̀ lọ, lọ́sẹ̀ yẹn.

"Tí wọ́n bá ń pariwo, dákẹ́," mo ní. "Má bá wọn du ariwo. Ogójì ni wọ́n, ẹnu kan ṣoṣo lo ní. Dúró sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé, kí o sì pe olúkúlùkù lórúkọ."

"Ogójì orúkọ, ìyálé mi?"

"Lọ kọ́ ọ sórí. Wọ́n kọ́ tìẹ sórí, wọ́n tún ti fi dá orin. Kí iṣẹ́ ti wà lójú pátákó kí ìdí wọn tó kan bẹ́ǹṣì, kí wọ́n ríṣẹ́ ṣe kí wọ́n tó rí ọ fi ṣeré."

Mo tún sọ fún un pé kó má bá ọmọ kan fa ọ̀rọ̀ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ò lè gbà fún ọ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wò ó, ìta ni kó o pè é sí. Má fi ohun tí o ò ní lè ṣe halẹ̀ mọ́ wọn, torí wọ́n á dán ọ wò. Tí o bá bi wọ́n ní ìbéèrè, má sáré dá ara rẹ lóhùn bí aláròyé. Ka ení, èjì, títí dé méje nínú ọkàn rẹ. Ó máa dà bí ọdún méje, ṣùgbọ́n ẹnì kan á nawọ́.

Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọn kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan ju ìró ṣọ́ọ̀kì lọ. Nígbà tí gbogbo wa pàdé lọ́dọ̀ màmá lọ́jọ́ Àìkú, màmá ní, "Ọmọ yìí mọ iṣẹ́ ẹ̀ o! Wọ́n ní kíláàsì ẹ̀ ń dákẹ́ rọ́rọ́." Ìyàwó ní, "Ìyálé mi ló kọ́ mi, mà." Màmá ò gbọ́, tàbí wọn ò fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní kí wọ́n bu omi fún ọmọ àwọn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Èmi ń kó àwo lọ́wọ́ nígbà yẹn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Ọ̀gá Báírò wá jókòó, kíláàsì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyàwó sáré wá bá mi nídìí tábìlì mi.

"Ẹnì kan ni, ìyálé mi, bóyá méjì. Mi ò mọ ẹni tó jẹ́. Kí ni kí n ṣe?"

Mo mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Kó máa kọ́ wọn lọ, kó rọra rìn lọ sí apá ibi tí ohùn ti ń jáde, kó dúró níbẹ̀, kó má wo ẹnikẹ́ni. Ohùn á kú fúnra rẹ̀. Tí ẹ̀kọ́ bá parí, kó fi ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ dá ọmọ méjì tàbí mẹ́ta dúró. Ìṣẹ́jú méjì ló máa gbà mí láti sọ ọ́.

Mo ní, "Fìyà jẹ gbogbo wọn."

"Gbogbo wọn? Títí kan àwọn tí ò ṣe nǹkan kan?"

"Gbogbo wọn pátá. Gba àkókò ìsinmi lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa kọ̀wé. Àwọn fúnra wọn ló máa fa ẹni tó ń ṣe é lé ọ lọ́wọ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ tó bá ti lo ọdún kan péré nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an lèèyàn ṣe ń sọ ogójì ọmọ di ọ̀tá kan ṣoṣo. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ nílé tá a bá ń jẹun, tí mo bá fẹ́ bú àwọn olùkọ́ tí ò mọ iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọmọ mi náà máa jókòó sínú ooru kíláàsì náà. Mo ní àkókò ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin ò pa ọmọ kankan rí.

Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, kíláàsì kẹta ò jáde. Mi ò gbọ́ kùnkùn kankan mọ́ láti ibẹ̀. Ìyàwó rò pé oògùn ti jẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi láti orí àga rẹ̀. Nílé, ọmọ mi ń jẹun, ó ń fọ àwo, ó ń lọ sùn, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo rò pé orí ló ń fọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti Ọ̀gá Báírò jókòó sẹ́yìn kíláàsì lórí àga onípákó méjì. Kí n má parọ́, ìyàwó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó pe ogójì orúkọ láìṣi ọ̀kan. Iṣẹ́ ti wà lójú pátákó. Ó ń rìn láàárín wọn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ṣókí. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ, ó ṣe é jù mí lọ. Ọ̀gá Báírò ń mi orí pé ó dáa.

Ó wá ya onígun-mẹ́ta kan. Ó kọ àádọ́ta sí igun kan, ó kọ ọgọ́ta sí èkejì. "Kí ni igun kẹta?"

Ìbéèrè ọmọ kíláàsì kìíní ni. Kò sẹ́ni tó nawọ́.

Ó dúró. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, ó ń kà á dé méje. Kò sẹ́ni tó mira. Ó pe ọmọkùnrin kan tó wà níwájú, ẹni tó gba ipò kejì nínú ìṣirò ní sáà tó kọjá. Ọmọ náà dìde, ó fọwọ́ sẹ́yìn. "Mi ò mọ̀ ọ́n, mà." Ó pe ẹlòmíràn. "Mi ò mọ̀ ọ́n, mà." Ó pe ẹnì kẹta, ohùn kan náà ló gbọ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò rífín. Báírò Ọ̀gá ń sáré lórí ìwé.

Mo ti rò pé inú mi máa dùn. Ó dùn lóòótọ́, fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀kì já bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì tètè dìde. Ìtìjú mú mi débi pé etí mi gbóná. Mo wá ojú ọmọ mi kiri, ó wà nítòsí fèrèsé, ó sì ti yíjú sẹ́yìn, ó ń wò mí. Mo mi orí sí i pé kó nawọ́. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ká apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà, ó sì ń wò mí bẹ́ẹ̀ títí aago fi lù.

Nínú ọ́fíìsì, Ọ̀gá Báírò ò ní ká jókòó. "Ogójì ọmọ ò mọ igun kẹta. Èmi tí mo kọ́ ìtàn ní yunifásítì mọ̀ ọ́n! Kí lẹ fi ṣe àwọn ọmọ yìí?"

"Mo fìyà jẹ gbogbo wọn, sà," ni ìyàwó wí. "Ọjọ́ mẹ́rin."

"Gbogbo wọn? Olùkọ́ wo ló ń ṣe irú ẹ̀?" Ó kọjú sí mi. "Ìyáàfin, ṣé ẹ mọ̀ sí i?"

Ìyàwó wò mí.

"Mi ò mọ̀ sí i, sà," ni mo wí. Ohùn mi ò gbọ̀n rárá.

Ọ̀gá Báírò ní òun ò rò pé ilé ìwé lè gbà á síṣẹ́. Ó ní kí n kọ lẹ́tà tèmi wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lórí bí mo ṣe tọ́ ọ sọ́nà, kí wọ́n lè fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Mo bá ìyàwó ní yàrá àwọn olùkọ́ níbi tó ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì. Àwọn yòókù ti lọ. Ó yẹ kí n pa ẹnu mi mọ́, ṣùgbọ́n mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún un?"

"Kí n sọ kí ni? Ẹ̀yin ló bi, ẹ sì ti dáhùn." Kò pè mí ní ìyálé. "Ọmọ yín wá bá mi lọ́jọ́ Ajé. Ó ní, 'Àǹtí, ẹ má fìyà jẹ gbogbo wa. Màámi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láé, wọ́n ní olùkọ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pàdánù kíláàsì ẹ̀.' Mo ní kó lọ jókòó, pé màmá ẹ̀ gan-an ló ní kí n ṣe é."

"Kí ló sọ?"

"Ó lọ jókòó. Mo ní ọmọdé ni, kí ló mọ̀. Tiyín ni mo gbà gbọ́." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì jáde. Kò kí mi pé ó dàbọ̀.

Láti ọjọ́ Ajé! Ọjọ́ márùn-ún ni ọmọ mi fi ń jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú mi, tó ń na iyọ̀ sí mi, tó mọ̀.

Kò dúró dè mí lẹ́nu géètì bó ṣe máa ń ṣe. Mo bá a nílé, ó ń fi rúlà fa ìlà sínú ìwé rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò dá Àǹtí ẹ lóhùn? O mọ̀ ọ́n."

"Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n." Kò gbójú sókè. "Nígbà tí Ọ̀gá bi yín, kí lẹ sọ?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó bi mí?"

"Ó máa bi yín ni. Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ Àǹtí níṣẹ́."

Mo fi ojú kan wò ó, ojú tí mo fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó fa ìlà rẹ̀ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Mo jókòó, mo fa ìwé jáde. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo ní kí ó fìyà jẹ gbogbo kíláàsì, pé mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn burúkú ni nígbà tí mo fún un, pé irọ́ ni mo pa fún Ọ̀gá. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo ń dágbére fún àga olórí ẹ̀ka, inú sì ń bí mi sí gbogbo wọn: sí màmá, sí ìyàwó, sí ọmọ tó jókòó níwájú mi. Mo tì í sí i. Ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan kà á, ó sì dá a padà.

"Ẹ ò kọ ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe é."

"Ìyẹn ò kan Ọ̀gá."

"Ó kàn án. Tí ẹ ò bá kọ ọ́, á rò pé àṣìṣe ni."

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ta ló bí ta nínú ilé yìí. Ó dìde, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì gbé ìwé náà padà síwájú mi.

Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀: Nítorí pé mo kórìíra rẹ̀. Ọmọ mi dúró tì mí títí mo fi fọwọ́ sí i.