Katakata Tó Ń Sùn Níwájú Ilé Àna Mi

Ní Ìkẹ́rẹ́, lọ́dún 1956, kò sí ọkọ ọmọ tí wọ́n ń yìn tó mi. Àna mi, Màmá Doyinsọ́lá, ló ń fi mí yangàn kiri àdúgbò. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ wo ọkọ ọmọ mi. Bí ulẹ̀ ti ń mọ́ ló ń wá kí mi, bí ulẹ̀ ti ń ṣú ló ń wá kí mi. Ta lọkọ ọmọ tirẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yín?" Àwọn obìnrin tó bá gbọ́ á mi orí, wọ́n á sì lọ bá ọkọ ọmọ tiwọn jà.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé Màmá wà.

Orúkọ mi ni Ládépọ̀. Èmi ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ fi ṣe awakọ̀ katakata kékeré tí ọ́fíìsì àgbẹ̀ gbé fún wa. Katakata náà kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju màlúù lọ, ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó lórí rẹ̀ ga ju gbogbo ìlú lọ. Mo ra fìlà tuntun. Mo ń dá àwọn ènìyàn lóhùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú. Mo sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ohun tó lè ṣe ẹ́ńjìnnì tí èmi Ládépọ̀ ò ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi rí ẹni sọ fún nígbà tó ṣe ohun tí mi ò mọ̀.

Ìkórè ló fà á. Wọ́n ní kí n gbé katakata wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́, mo sì ní mi ò ní gbé ohun ẹlẹ́rẹ̀ wá síwájú Olúwa. Mo ra ọ̀dà pupa. Mo tú gbogbo ohun tó ṣeé tú, mo kun ibi tí ojú ń rí àti ibi tí ojú ò lè rí, mo wá dè é padà. Ọ̀dà ṣẹ́kù. Mo fi kun ilẹ̀kùn wa, mo fi kun àpótí ìjókòó Adéjọkẹ́ ìyàwó mi. Mo gba tọ́ọ̀ṣì onírin tí Màmá fi ń rìn lálẹ́, mo tú ìdí rẹ̀, mo kun òun náà tinú tẹ̀yìn. Màmá dúpẹ́ títí.

Láti ọjọ́ kejì ìkórè, bí mo bá tẹ bọ́tìnnì tí ń ta ẹ́ńjìnnì jí, katakata á ní "kẹ́", á sì dákẹ́. Iná iwájú rẹ̀ á tàn fírífírí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì, iná náà á kú. Mo gbé bátìrì lọ sí Adó, wọ́n fi iná sí i títí ó fi kún. Mo gbé e dé, ó ní "kẹ́". Mo tú sítátà, mo fi bẹntiróò fọ̀ ọ́, mo dè é padà, nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, mo jù ú sápò. Ó ní "kẹ́". Irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú sì ti ṣẹ́ lóko Emùré láti ìgbà òjò.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo tó kù ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, màá gbé e gun òkè lọ síwájú ilé Màmá, màá fi òkúta dí táyà. Láàárọ̀, màá yọ òkúta, katakata á máa yí lọ, màá jẹ́ kí jíà mú un, ẹ́ńjìnnì á sì dáhùn. Ṣé mo wá lè dé iwájú ilé àna kí n má dọ̀bálẹ̀ ni? Màá dọ̀bálẹ̀. Màmá á ní, "Ládépọ̀, wọlé wá jẹ uṣu." Màá wọlé jẹ iṣu. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi jẹ iṣu sísun àti epo níbẹ̀. Ojú a máa tì mí bí mo bá ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n iṣu náà a máa dùn.

Nígbà tó yá, lẹ́tà dé. Ọ̀gbẹ́ni Solomon, ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì àgbẹ̀, ń bọ̀ wá yẹ katakata wò ní pápá ilé-ìwé ní Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, wọn yóò gbé e fún àwọn ará Ògòtún tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Bó bá lọ Ògòtún, èmi náà á padà sídìí ọkọ́ àti àdá, tèmi ti fìlà mi. Pápá ilé-ìwé ọ̀hún sì tẹ́jú bí ẹní.

Mo pinnu pé mi ò ní pa ẹ́ńjìnnì rárá. Mo yí i sọ̀kalẹ̀ láti iwájú ilé Màmá ní kùtùkùtù, mo gbé e dé pápá, mo jókòó sórí rẹ̀, ó ń dún. Ìlú pé. Bọ́dúndé, akọ̀wé ẹgbẹ́, so táì wá. Màmá náà gbé iṣu sísun wá nínú abọ́, ọ̀bẹ wà lórí rẹ̀, ó jókòó síwájú pátápátá bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi mí jẹ bíṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀gbẹ́ni Solomon yí katakata po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa, pa á."

"Ẹ jẹ́ ó máa ṣiṣẹ́, sà. Kò tíì rẹ̀ ẹ́."

"Mo ní kí o pa á, kí o tún un tẹ̀."

"Ṣé ẹ ti jẹun, sà? Àna mi sun iṣu wá."

Ó na ọwọ́, òun fúnra rẹ̀ pa á.

Mo tẹ bọ́tìnnì. "Kẹ́." Mo tún un tẹ̀. "Kẹ́." Ẹnìkan ní epo ló tán. Ẹlòmíràn ní ó fẹ́ sinmi ni, kí ọ̀gá padà wá lọ́la. Tíṣà kan ní bóyá ká kọ orin ìkórè sí i. Ọ̀gbẹ́ni Solomon yọ gègé, mo yọjú wo ìwé rẹ̀: Ògòtún ló ń kọ.

"Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe báyìí?"

"Láti ìkórè, sà."

"Oṣù mẹ́rin? Báwo lo ṣe ń ta á jí láàárọ̀?"

Bọ́dúndé tí kò lè pa ẹnu mọ́ ló bá mi fèsì. "Á à, ìdí rẹ̀ rèé tó fi ń gbé e sùn níwájú ulé Màmá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ ló ń lò."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé oṣù márùn-ún. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo abọ́ iṣu tó gbé lé ẹsẹ̀. Mo ti gbà pé kí katakata lọ Ògòtún, ṣùgbọ́n ojú tí Màmá fi wo iṣu yẹn, mi ò lè gbà á. Ojú tì mí débi pé mo ṣí fìlà mi.

Màmá dìde, ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Mo rò pé ó fẹ́ gbá mi létí ni. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló bi mí: "Ọ̀dà tí o fi kun tọ́ọ̀ṣì mi, òun ni o fi kun èyí?"

"Òun ni, Màmá."

"Ọjọ́ tí o kùn ún ni tọ́ọ̀ṣì mi kú. Éè tàn mọ́. Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ìdí rẹ̀ kí irin kan irin, uná sì dé. Mo fi pa mọ́ fún ọ, kí ojú má baà tì ọ́." Ó na ọ̀bẹ iṣu sí mi. "Ibo ni uná ti ń wọ ara irin èyí?"

Wáyà méjì ló jáde lára bátìrì. Ọ̀kan lọ sí sítátà. Ìkejì, ara katakata lásán ni wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́, mi ò sì kà á sí nǹkan kan rí. Mo tú u. Ọ̀dà pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó nípọn, ó ń dán, iṣẹ́ ọwọ́ mi. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo fi ọ̀bẹ iṣu ha á títí irin fi funfun, mo ha ẹnu wáyà náà, mo sì dè é pinpin. Ọ̀gbẹ́ni Solomon bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò mí.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì dáhùn kí n tó gbé ọwọ́ kúrò.

Ìlú hó yèè. Ọ̀gbẹ́ni Solomon fa ìlà gba orí Ògòtún kọjá. Ó ní, "Ta ni kí n kọ pé ó tún un ṣe?" Bọ́dúndé ti ń tún táì rẹ̀ so kó lè sọ pé awakọ̀ ẹgbẹ́ ni.

Mo ní, "Màmá Doyinsọ́lá ni, sà. Èmi ni mo bà á jẹ́." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe kọ ọ́.

Màmá ti gbé abọ́ iṣu fún Bọ́dúndé, ó ti ń lọ. Kò bojú wẹ̀yìn tó fi sọ fún mi pé, "Ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn báyìí. Máa gbé e sùn ní ulé rẹ."

Lọ́jọ́ yẹn, ilé mi ni katakata sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tẹ bọ́tìnnì, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì dùn mọ́ mi nínú. Mo gbé e gun òkè lọ, mo pa á níwájú ilé Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Fìlà mi yí lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Màmá yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó wo katakata.

"Ó tún ti bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́, Màmá. Ẹ̀yin ni mo wá kí."

Kò gbà mí gbọ́. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí òun rí i. Mo gun orí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn. Ó ní kí n pa á, kí n tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló mú mi tẹ̀ ẹ́, àwọn obìnrin àdúgbò sì ti jáde wá ń wòran. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wọlé, mo sì gbọ́ tó ń fẹ́ iná ìdí ààrò.

"Pa á, kí o wọlé jókòó," ó ké láti inú ilé. "Uṣu éè tíì jinná."