Obì Ladaanì

Ọkọ mi, Lìádì, ni ladaanì mọ́ṣáláṣí abúlé wa, nítòsí Ìrókò. Bàbá wọn ló ń pe ìrun níbẹ̀ kí wọ́n tó kú, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí ohùn wọn sì ń dé oko. Ẹ wá wo ìtìjú tó bá wa nígbà tí oorun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí Àsùbáà bọ́ mọ́ ọkọ mi lọ́wọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Lèmọ́mù wá bá wa nílé, wọ́n rọra sọ ọ́ pé tó bá tún bọ́, Najeem tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé kéwú ni yóò máa pe ìrun. Najeem kì í ṣe èèyàn burúkú o, àmọ́ imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti sọ oorun di ọ̀tá. Bí a bá ti kírun Ìṣáì tán, wọ́n á máa jẹ obì gbànja, awẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n má baà sùn gbàgbé. Wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á fa fóònù yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n á wo aago, wọ́n á tì í padà, wọ́n á tún fà á yọ. Ìgbà tó bá wá kù díẹ̀ kí àkùkọ kọ, oorun á gbé wọn lọ pátápátá, màá sì máa mì wọ́n jìgìjìgì. Tó bá dọ̀sán, wọ́n á na ara lábẹ́ àbà lóko títí di Alásárì. Inú máa ń bí mi. Ta ni yóò bá mi yan gàrí?

Títíladé tó ń ta obì fún wa wá lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní Mọ́níyà. Ọkọ mi wá obì káàkiri, wọn ò rí. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n sùn? Wọ́n sùn, wọ́n hanrun, wọ́n sì jí fúnra wọn. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọn ò ro ti obì rárá. Títíladé dé, obì dé, oorun tún lọ.

Mo sọ ọ́ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada gàrí. "Bàbá Rùqáyyàh, obì tí ẹ ń jẹ kí ẹ má baà sùn gbàgbé, òun gan-an ló ń mú yín sùn gbàgbé."

Wọ́n ní bàbá àwọn jẹ obì títí ọjọ́ ikú wọn. Mo ní àárọ̀ ni bàbá ń jẹ tiwọn.

Bí obì ṣe di ti àárọ̀ nìkan nìyẹn. Mo ní kí wọ́n dín oorun ọ̀sán kù, kí fóònù sì máa sùn ní pálọ̀. Wọ́n béèrè pé ta ni yóò wá jí àwọn.

"Èmi ni," mo ní. "Ẹ fọkàn balẹ̀."

Níbẹ̀rẹ̀, orí ń fọ́ wọn, wọ́n sì ń kanra mọ́ ewúrẹ́ pàápàá. Mò ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wọn wẹ̀ lálẹ́, a ó sì máa sọ̀rọ̀ Rùqáyyàh ọmọ wa títí oorun yóò fi dé. Mò ń jí wọn bí mo ti ṣèlérí.

Ó wá di òwúrọ̀ kan. Nínú oorun dídùn ni mo ti gbọ́ ohùn ìpè ìrun kan tó dé ibi tó ti ń sọ pé ìrun sàn ju oorun lọ. Mo na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ibẹ̀ ti tutù. Àyà mi já, nítorí èmi tí mo ṣèlérí ni mo sùn gbàgbé. Mo tún fetí sílẹ̀. Kì í ṣe ohùn imú. Ohùn ọkọ mi ni, ó mọ́ kedere, ó balẹ̀ bíi ti bàbá wọn. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló ní òun ni yóò máa jí èèyàn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe àlùwàlá. Fúnra wọn ni wọ́n bu omi náà fún mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.