Ikú Màmá Mi Lórí Rédíò

…Kò tiẹ̀ ná an. Iye tí mo pè ni Onígíláàsì, ọkùnrin tó ń kiri ra ètò rédíò àtijọ́, gbà láti san. Ọjà tí wọn ò ná, ìfura ló ń dá síni lọ́kàn. Ó ní òun á wá kó kásẹ́ẹ̀tì màmá mi nírọ̀lẹ́ — ilẹ̀ ti ń ṣú bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn òkú rédíò tí mò ń tún ṣe tà, mi ò sì tíì dì í. Páálí wà. Okùn wà. Ọwọ́ ni kò dìde.

"Bọ̀dá mi, ohùn màmá wa lẹ fẹ́ tà?" Àbúrò mi obìnrin nìyẹn, láàárọ̀. Mo ní ṣé ohùn ń jẹun ni, tí màá fi máa tọ́jú ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí a ti sin màmá, omijé ò bọ́ lójú mi, àfi bí igi. Ó lè jóòótọ́. Mò ń wá ìbànújẹ́ yẹn bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò… àpò ṣófo.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbọ́ ikú ìyá ẹ̀ tó báyìí ńkọ́? Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni màmá ń kú lórí rédíò. Níbẹ̀rẹ̀ ètò, á kọrin, á bá aláwàdà dápàárá. Tó bá kan eré ọ̀daràn, wọ́n á fún un lọ́rùn, wọ́n á tì í sí kànga. Igbe kan — àdúgbò á pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà á wọlé wá bá wa nílé, á bọ́ bàtà: "Ta ló fọ abọ́ yìí tó ṣì ń yọ̀?" Òkú tó ń wádìí abọ́.

Jẹ́ n fi kásẹ́ẹ̀tì kan sẹ́rọ, kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Kí oníbàárà má bàa ní ọjà mi ti bàjẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orin. Àwàdà. Bàtà ọkùnrin lórí pákó… igbe.

Ó kú.

Ó máa ń ní òkú orí rédíò ò gbọdọ̀ mí, máíkì ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Á sé èémí títí orin ìparí á fi wọlé. "Tí mo bá mí pẹ́nrẹ́n, apààyàn di òpùrọ́ nìyẹn."

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Kò mí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fa aṣọ bò ó lójú lọ́sibítù, kò mí. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ó ti tán." Èmi ṣì dúró. Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ń ro mí, wọ́n gbé àga wá… Kí ni mò ń dúró dè?

Wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Onígíláàsì ni. Kó máa kàn án.

Orin wọlé. Lábẹ́ ẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́ — ó mí.

Èmi náà mí. Àyà ń ro mí… mi ò mọ̀ pé mo ti sé èémí tèmi. Láti orí àga ọsibítù yẹn, láti etí sàréè, gbogbo ẹ̀, mo sé e. Mi ò le bí igi, àbúrò mi. Mò ń retí kó wá bọ́ bàtà ni.

Lẹ́yìn ikú ti ọsibítù, kò sí orin kankan tó ń bọ̀. Màmá mi ti kú.